Ohun tí Ìyá Ẹlẹ́kọ Gbọ́ Nínú Ìwé Mi

Ìwé kan ṣoṣo ni mo kọ láyé mi, mi ò sì ní kọ òmíràn. Àwọn kan tó mọ̀ mí ní ọ̀lẹ ló mú mi, àwọn mìíràn ní ilé ọkọ ni kò jẹ́ kí n ráyè. Kì í ṣe ọ̀lẹ o, kì í sì í ṣe ọkọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, bóyá ara á fúyẹ́ mi díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rò pé yóò fúyẹ́.

Tíṣà ni mí ní Ore nígbà náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ni, owó epo rọ̀bì sì ti kó sí àwọn èèyàn lórí. Títì tuntun tó ti Èkó lọ Bìní ti gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ọkọ̀ kì í dákẹ́ níbẹ̀. Mo mọ ọkùnrin kan tó gbé tẹlifíṣọ̀n wọlé nígbà tí iná ìjọba ò tíì dé àdúgbò rẹ̀. Aṣọ ló fi bò ó sí pálọ̀, tí àlejò bá dé á ṣí aṣọ náà, àlejò á wò ó, á tún bò ó padà. Gbogbo èèyàn ló ń sáré lọ síwájú. Èmi nìkan ni mo ń wẹ̀yìn. Oko ìyá ìyá mi ló ń wù mí, oko kòkó kan tó wà láàárín Odigbo sí Agbabu, níbi tí wọ́n máa ń kó wa lọ nígbà ọlidé tí mo wà ní kékeré.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Tí mo bá ti máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi tán, màá fa bébà yọ. Mo kọ nípa odò tí a máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ títí eyín wa á fi máa gbá ara wọn. Mo kọ nípa olú tí a máa ń wá lẹ́yìn òjò, àti ìgbín tí a máa ń ṣà láàárọ̀ kùtù, àti bí a ṣe ń la kòkó tó pọ́n tí a ń lá omi dídùn tó wà lára èso rẹ̀. Mo kọ nípa ọjọ́ tí a sá lọ sí Agbabu lọ wo ọ̀dà dúdú tó ń sun láti inú ilẹ̀. Ọ̀dà náà lẹ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀ pinpin. Epo pupa àti kàn-ìnkàn-ìn ni ìyá ìyá mi fi bó o, ó ń bó o, ó ń bú wa. Àwọn àgbà máa ń sọ pé tí ìjọba bá wá wa ọ̀dà yẹn, gbogbo wa la máa di olówó. Mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ẹ̀kọ́, ìjọba ò tíì wá.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Ọmọ àwọn àlejò tó ń dá oko lórí ilẹ̀ ìyá ìyá mi ni, apá Ìwó ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá. Èdè Ìkálẹ̀ tiwa ò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Tí a bá ní kó pe "ọghọ́" bí a ṣe ń pè é, "ọwọ́" ló máa ń jáde, a ó sì rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa dùn wá. Òun náà á ní ẹnu tiwa ló wọ́. Ọjọ́ kan ó ṣubú lu kùkùté kòkó, orúnkún rẹ̀ la yàà. Ìyá rẹ̀ ja ewé, ó fi ọwọ́ ra á, ó fi dí ojú egbò náà. Àpá ibẹ̀ rí róbótó bí ẹ̀wà. Ìyẹn náà, mo kọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ oko á ti máa bi mí pé, àwa ọmọ onílẹ̀ là ń ṣe ọlidé, kí ni òun ń ṣe? Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó máa ń sá kúrò nídìí iṣẹ́ wá bá wa ni, wọn a sì nà án tó bá délé. Mi ò kọ èyí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi pamọ́, mi ò rántí rẹ̀ rárá ni. Ohun tó dùn ló máa ń kọ́kọ́ dé, tó bá sì ti dé, á gba gbogbo àyè.

Nígbà tí wọ́n ń la títì, ọ̀rẹ́ mi ti di ọmọge. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ti kó kúrò lóko wá sí Ore, ó ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà fún àwọn awakọ̀. Gbogbo ayé ló ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ọ̀rẹ́ mi bá obìnrin kan lọ sí Èkó, wọ́n ní ó fẹ́ lọ kọ́ òwò. Ó ránṣẹ́ sílé lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọdún ń gorí ọdún. Ìyá rẹ̀ rán awakọ̀ títí, àpá orúnkún yẹn ló fi ń júwe ọmọ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n á jẹ ẹ̀kọ, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á ní àwọn á wá a.

Nígbà tí ìwé mi kù díẹ̀ kó parí, mi ò mọ ibi tí màá gbé ọ̀rẹ́ mi sí. Ọkàn mi ò gbà kí n fi í sílẹ̀ síbi tó wà gan-an, ìyẹn ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Mo bá kọ orí kan tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Mo ní mo lọ sí Èkó, mo ń kọjá ní àdúgbò kan ní Múṣin, ni ẹnì kan fi orúkọ tí wọ́n ń pè mí lóko pè mí. Mo wẹ̀yìn, òun ni! Ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, ó pọn ọmọbìnrin kan. A dì mọ́ra, a sunkún, a tún rẹ́rìn-ín, a sọ̀rọ̀ oko títí ilẹ̀ fi ṣú. Àdúgbò yẹn, mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mọ̀lẹ́bí wa kan gbé ibẹ̀ rí ni, kò sí ìdí mìíràn. Ẹ gbà mí gbọ́, ó dùn mọ́ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Omijé ń bọ́ sórí bébà.

Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn ìwé náà, lábẹ́ orúkọ rẹ̀: ÌTÀN ÌGBÀ ÈWE. Inú mi dùn. Mi ò ka ọ̀rọ̀ náà sí nǹkan kan.

Kò sí bí àwọn èèyàn ò ṣe gba ìwé ọ̀hún. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, ọmọ Èkìtì tí ìjọba gbé wá sọ́dọ̀ wa, pè mí wọ ọ́fíìsì, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Tíṣà, odò ilé wa lẹ kọ yìí. Odò wa gan-an ni."

Mo ní, "Sà, odò Odigbo ni."

Ó ní kí n dákẹ́, pé òun mọ odò tí òun wẹ̀ nínú rẹ̀.

Tíṣà obìnrin kan tó wá láti Ìjẹ̀bú ní tirẹ̀ sọ fún mi láìbojúwẹ̀yìn pé òun ò kà á kọjá ojú ìwé kẹwàá. "Ta ló ń ṣàárò ẹ̀fọn? Èmi máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni, pé mo bọ́ lóko." Awakọ̀ kan ní gáréèjì ní òun ń kà á títí ọkọ̀ òun fi kún, tí àwọn èrò ń pariwo, òun ò sì fẹ́ gbéra mọ́. Ẹni tó dùn mí jù ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Lọ́rì tó ń kó gẹdú ló ń wà. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú ìwé náà, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó dá a padà fún mi.

"Oko wo lèyí?" ló wí. "Mo roko títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó, ìwọ ń kọ olú. Gbogbo yín lẹ lọ wẹ̀ lódò. Ta ló wá ń ru omi wálé?"

Inú bí mi. Mo ní ìlara ló ń ṣe é, pé tí oko tiẹ̀ bá yàtọ̀, kóun náà lọ kọ tirẹ̀. Ẹ má wò ó, orí mi ti wú nígbà náà. Mo rò pé iṣẹ́ mi ti tán: ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ kó kà á, ẹni tí ò fẹ́ kó gbé e jù síbì kan. Mo gbàgbé pé ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló máa bà.

Aránṣọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Ìyá Ẹlẹ́kọ ti ń tajà. Ó kàwé dé ìwé mẹ́fà, ohùn rẹ̀ sì dùn. Tí oòrùn bá mú, tí ọjà bá dákẹ́, àwọn obìnrin á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á máa kàwé fún wọn. Ìwé mi ló wá kàn. Wọ́n ní wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an níbi ọ̀dà Agbabu. Nígbà tí aránṣọ ka ibi orúnkún, Ìyá Ẹlẹ́kọ dìde dúró. "Èmi ni mo fi ewé dí i," ló wí. Àwọn yòókù rò pé ó ń ṣàwàdà. Nígbà tí wọ́n dé orí tó gbẹ̀yìn, ó ní kí aránṣọ dúró ná. Ó lọ gbé epo àkàrà kúrò lórí iná, ó padà wá jókòó, ó ní kó máa kà á lọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo wà ní kíláàsì, à ń ṣe ìṣirò, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ ọdún ló wọ̀. Mo jáde lọ bá a, mo kúnlẹ̀ kí i. Kí n tó dìde, òun náà ti kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀.

"Yéè! Ìyá, ẹ dìde! Ẹ má pa mí o!"

"Jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Ìwọ lo rí ọmọ mi."

Mo dì í mú, mo ń fà á sókè, kò dìde. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti kún ojú fèrèsé.

"Mi ò bínú pé o ò sọ fún mi," ló wí. "Láti àná ni mo ti ń rò ó, mo ti gbà á. Ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Ṣé òun ló ní kó o má sọ fún mi?"

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Kò ju kí n ní, "Ìyá, mi ò rí i." Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tó gbé sókè sí mi yẹn, mi ò lè gbàgbé rẹ̀ láéláé, ibi tó dùn ún jù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ pẹ̀rọ̀ sí.

"Rárá o," ni mo wí. "Kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá, mà."

Mo gbé! Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Ẹni tí mi ò fojú kàn láti ọdún gbọọrọ, mo ní kò sọ bẹ́ẹ̀! Ìyá Ẹlẹ́kọ mí kanlẹ̀. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ lára ìró. Ó ní awakọ̀ kan ti gbà láti gbé òun lọ sí Èkó lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, àdírẹ́sì ló kù. Mo ní màá wá a, pé mo kọ ọ́ síbì kan. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi. Ó ní màá bí, màá tọ́, ọmọ mi ò ní sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Mò ń ṣe àmín bí olè.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀kọ gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé mi láràárọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e wá kó tó lọ sọ́jà. Mi ò lè jẹ ẹ́, mi ò sì lè dá a padà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Mo lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa pé kó gbà mí nímọ̀ràn. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìtàn àròsọ ni, lítíréṣọ̀ ni. Ẹ ṣàlàyé fún un, ó máa yé e." Lẹ́yìn náà, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Orí wo gan-an lẹ sọ pé kò ṣẹlẹ̀?"

"Èyí tó gbẹ̀yìn, sà."

"Ibi tí ẹ ti pàdé ní Múṣin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Háà. Mo sunkún níbẹ̀ o." Ojú rẹ̀ yí padà, ó ń wò mí bí ẹni tí mo jí nǹkan rẹ̀. Ó fa fáìlì kan súnmọ́ra. Ẹni tó ka ìwé púpọ̀ ju gbogbo wa lọ nìyẹn. Òun náà gbà á gbọ́.

Mo lọ bá aránṣọ. Mo rò pé nígbà tó jẹ́ pé òun ló kà á, òun ló máa mọ bó ṣe máa sọ ọ́. Mo ṣàlàyé títí. Ó fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Àlọ́ ni?" ló wí.

"Apá ibẹ̀ yẹn nìkan ni. Àwọn yòókù..."

"Àlọ́ ni, ẹ wá kọ ìtàn sí ẹ̀yìn ẹ̀? Tíṣà, ṣé ẹ̀yin ò mọ ìyàtọ̀ ni? Tó bá jẹ́ àlọ́, ẹ ò bá ti pa á bí àlọ́. Ẹ ò bá ní 'Ààlọ́ o', àwa náà ò bá ní 'Ààlọ̀', gbogbo wa á mọ ibi tí a wà. Ìjàpá lè gbé ọkọ̀ òfúrufú lẹ́yìn ìyẹn, kò kàn wá. Ìtàn lẹ pè é! Ẹ ní 'mo rí i'. Ta ló máa bi tíṣà pé ṣé lóòótọ́?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi sọ ọ́ fún Ìyá Ẹlẹ́kọ. Mo tiẹ̀ kúnlẹ̀. Kò fi ti ìkúnlẹ̀ mi ṣe.

"Ẹnu mi ni mo fi fún un ní ọmọ ẹ̀," ló wí. "Ẹ fẹ́ kí n wá fi ẹnu kan náà gbà á padà lọ́wọ́ ẹ̀? Kò ṣeé ṣe. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ló kù. Mo ti múra sílẹ̀ fún yẹ̀yẹ́, mo mọ̀ pé á ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ó ń tú táyà ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì gbójú sókè.

"Lọ wo ibẹ̀," ló wí.

"Lọ wo kí ni? Ṣé o ò gbọ́ pé èmi ni mo rò ó jọ?"

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn wà níbì kan. Kò lè má wà níbì kan. Mò ń kó gẹdú lọ sí Èkó ní Jímọ̀. Tó o bá ń lọ, wá."

Ẹ̀yin ẹ bi mí pé ṣé orí mi pé. Mo lọ. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nínú lọ́rì láti Ore dé Èkó, mò ń lọ wá ẹni tí mo fi bíróò kọ. Ohun ìtìjú ibẹ̀ ni pé bí a ṣe ń súnmọ́ ibẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí rẹ̀. Mo ti ń rò ó pé bóyá mo mọ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Bóyá ẹnì kan sọ fún mi nígbà kan, tí mo gbàgbé. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé mi ò parọ́.

Mo dé àdúgbò náà. Níbi tí mo kọ́ ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi sí, àwọn tó ń gba iná sí bátìrì ọkọ̀ ló wà níbẹ̀, omi bátìrì ti jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ funfun. Mo kí wọn. Mo ní mò ń wá obìnrin kan báyìí báyìí, ọmọ Odigbo, àpá róbótó wà lórúnkún rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wò mí.

"Àǹtí, orúnkún obìnrin kọ́ là ń wò níbí o. Bátìrì là ń wò."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mi ò lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí mi. Gbogbo obìnrin tó bá pọn ọmọ kọjá ni mò ń wo ojú rẹ̀, àwọn kan ń kí mi, àwọn kan ń fa ọmọ wọn mọ́ra. Inú sì ń bí mi sí ọ̀rẹ́ mi. Inú ń bí mi pé kò sí níbi tí mo fi í sí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi padà wá gbé mi, ó kàn ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, mo lọ sí ilé Ìyá Ẹlẹ́kọ. Yàrá kan ló ń gbé. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní gaàrí nínú àpò kékeré, ó ní epo pupa nínú gálọ́ọ̀nù, ó ti fi ọ̀rá dí ẹnu rẹ̀ kó má baà dà sí ọkọ̀. Ó mú nǹkan kan jáde láti abẹ́ ìrọ̀rí, ó tú u fún mi wò. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọdé ni, kékeré, ó pupa.

"Mi ò mọ bí ọmọ náà ṣe tóbi tó," ló wí. "Mo ní kí wọ́n fi okùn tó gùn sin ín. Kí ni wọ́n sọ ọ́? Ìwé ò dárúkọ rẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Ó rò pé mo fẹ́ wo ìlẹ̀kẹ̀ náà dáadáa ni, ó nà án sí mi. Mi ò gbà á. Mo sọ ọ́ nígbà náà, mo sọ ọ́ kíákíá kí n má baà rí ojú rẹ̀. Mo ní mi ò rí ọmọ rẹ̀ ní Èkó. Mo ní mi ò tíì rí i láti ọjọ́ tó ti kúrò ní Ore. Mo ní èmi ni mo rò ó jọ, nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé mi ò mọ bí mo ṣe máa parí ìwé náà. Mo ní ọmọ kankan ò sí. Mo ń sunkún. Òun ò sunkún.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ká ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ́ ìka rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tún tú u.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún ọ? O kàn rò ó ni?"

"Mo kàn rò ó ni, mà."

"Ṣọ́ọ̀bù yẹn, ìwọ lo rò ó."

"Èmi ni, mà."

"Ọmọ tó pọ̀n, ìwọ lo rò ó."

"Èmi ni. Ẹ dárí jì mí."

Ó mi orí. Mò ń retí kó bú mi. Mo fẹ́ kó bú mi, kó gbá mi létí, kó lé mi jáde. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọra jáde ni, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà.

"Mo ní kí aránṣọ tún ibẹ̀ kà fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rò pé ó ń fo ojú ìwé ni. Ẹ̀yin méjèèjì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó béèrè odò. Ó béèrè ìyá ìyá rẹ. Ajá yín pàápàá, ó béèrè rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ó ṣì ń bínú sí mi ni, pé tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, màá bẹ̀ ẹ́."

Ó wò mí.

"Tó bá wá jẹ́ pé ìwọ lo rò gbogbo rẹ̀, kí ló dé tí o ò jẹ́ kó béèrè mi?"